Ẹni Tó Gbẹ́ Kànga Caldwell

Láti ìgbà tí ìbọn ti dákẹ́ ní Monrovia ni àwọn tó ń kọ ìwé kò ti jẹ́ ká sinmi. Kí ogun tó dé, kò sí ẹni tó bi mí rí pé níbo ni baba mi ti wá. Ìgbà tí ìlú jóná tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé a ní ìtàn. Ní báyìí, bí mo bá jókòó nídìí tábìlì mi ní Broad Street, kì í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi na rẹ́kọ́dà sí mi lẹ́nu pé, "Bàbá, ẹ sọ bí nǹkan ṣe rí láyé àtijọ́." Màá ní kó ra ìwé, bí kò bá fẹ́ rà á, kó kúrò níwájú ọjà mi.

Ìwé ni mò ń tà. Tábìlì mi wà lábẹ́ ilé alájà mẹ́ta kan tí ogun jó, tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún ṣe. Bíbélì wà níbẹ̀, ìwé ìṣirò wà níbẹ̀, àwọn ògbólógbòó ìwé tí àwọn òyìnbó jù sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sá lọ náà wà níbẹ̀. Àwọn tó mọ̀ pé kíláàsì karùn-ún ni mo ti fi iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín pé irú mi ló ń ta ìwé. Kí ló kàn wọ́n? Ẹni tó ń ta bàtà kò ní ẹsẹ̀ tó lè wọ gbogbo rẹ̀.

Kì í sì í ṣe àìmọ̀wé ló lé mi kúrò. Adégòkè ni orúkọ mi. Tíṣà tó gbà mí wọlé ní ahọ́n òun kò lè gbé e. Ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni baba mi ń ṣe, mo ní kànga ló ń gbẹ́. Ló bá kọ Amos Wells sínú ìwé, bí ẹni pé Amos ọmọ Oníkànga. Mo fara dà á títí mo fi dé kíláàsì karùn-ún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó pe Amos Wells, mi ò dáhùn. Ó nà mí. Ó tún pè é lọ́jọ́ kejì, mi ò dáhùn, ó tún nà mí. Ní ọjọ́ kẹta, mo kó síléètì mi, mo bá tèmi lọ. Baba mi náà nà mí nílé, ó ní orúkọ kì í ṣe oúnjẹ, kí n padà lọ jẹ́ ẹ. Mi ò padà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, mi ò sì tíì kábàámọ̀ rẹ̀ di òní.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Kejì ọdún 2009, Prince, ọkùnrin ẹ̀yà Grebo tó máa ń gbé ìwé kiri fún àwa tí a ń tà lójú pópó, gbé ìwé tuntun mẹ́ta wá. Gẹ̀ẹ́sì ìlú yìí ni èmi àti òun máa ń sọ. Ó to àwọn ìwé náà sórí tábìlì mi bí ẹni ń to ẹja gbígbẹ. Ọ̀kan sọ bí àwọn àdúgbò ṣe gba orúkọ. Ọ̀kan sọ nípa oúnjẹ àti aṣọ àwọn ẹ̀yà Làìbéríà. Ẹ̀kẹta sọ nípa àwọn àjòjì tó wá bá wọn kọ́ ìlú.

"Ohun tó ń tà nìyí, Ol' man," Prince wí. "Gbogbo ayé ló fẹ́ mọ ohun tí Làìbéríà jẹ́."

"Èmi ti mọ̀ ọ́n. Òun ló jó ilé tó wà lókè orí mi yìí."

"Ẹ wò ó ná. Ẹ̀dà kan péré ni mo fi sílẹ̀ fún yín nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sátidé ni wọn yóò kó wọn jáde ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀ọ́dúnrún yóò lọ sí àwọn iléèwé."

Mo ṣí ẹ̀kẹta, mò ń wá àwòrán, nítorí àwòrán ni àwọn oníbàárà mi máa ń kọ́kọ́ wò. Àwòrán tí mo kọ́kọ́ rí ni ti kànga kan lábẹ́ igi máńgòrò. Mo mọ igi máńgòrò yẹn. Èmi ni mo gùn ún já bọ́ tí eyín mi iwájú fi kán. Kànga Caldwell ni, èyí tí baba mi gbẹ́. Mo gbé ìka lé ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, mo kà á díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní ọ̀gbẹ́ni Agun Tasolo, ọmọ Nàìjíríà, ló gbẹ́ ẹ ní ọdún 1961, àti pé nígbà ogun, tí omi ẹ̀rọ dá, omi inú rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò náà fi wà láàyè.

"Ta ni Agun Tasolo?" mo bi Prince.

Prince náà wò ó. "Ó dún bí orúkọ ará Ítálì."

"Ará Ítálì wo ló wá gbẹ́ kànga ní Caldwell? Baba mi ló gbẹ́ ẹ."

"Kí lorúkọ baba yín?"

"Adébíyì."

Ó tẹ orí ba ìwé náà, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó gbójú sókè. "Kò sí Adébíyì níbí o, Ol' man."

Mo ní kó máa lọ. Mo tún orúkọ náà pè. Agun Tasolo. Mo pè é kíákíá, láìdúró láàárín. Orí mi wú. Agùntáṣọọ́lò. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pe baba mi bẹ́ẹ̀ láyé ńbí, ẹni náà sì wà ní Jallah Town.

Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé láti mọ ẹni tó kọ ọ́. Beatrice Adérógbà. Mo pa ìwé náà dé kí n má baà fà á ya, torí ọjà ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Adérógbà, baba ọmọ yìí, ṣe fún mi, nítorí mi ò gbàgbé, mi ò sì ní gbàgbé. Ní ọdún 1990, tí ogun ti dé etí ìlú, ọkọ̀ ojú omi wá kó àwọn ọmọ Nàìjíríà. Adérógbà ni pásítọ̀ wa, òun ni wọ́n fún ní ìwé orúkọ àwọn ará ìjọ wa. Ẹrù kan ni wọ́n ní kí olúkúlùkù gbé. Àpótí igi kan ni tèmi. Ohun tí baba mi fi sílẹ̀ ló wà níbẹ̀: ìwé tó fi wọ ìlú, ìwé ìrìbọmi rẹ̀, àwọn ìwé iṣẹ́ kànga, àti fọ́tò kan ṣoṣo tó yà. Adérógbà gbé àpótí aṣọ rẹ̀, ó gbé sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì méjì, ó wá yíjú sí mi ní èbúté, ó ní, "Adégòkè, àyè kò sí mọ́. Ẹ̀mí ni ká kọ́kọ́ gbé." Àpótí mi dúró sí èbúté. Sípíkà méjèèjì dé Èkó. Nígbà tí a padà dé, àwọn náà padà dé, ó sì ń fi wọ́n wàásù nípa ìfẹ́ ọmọnìkejì.

Láti ọjọ́ náà, mi ò kí i. Mo fi ìjọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá wọ takisí tí mo wà nínú rẹ̀, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀, bí òjò ń rọ̀ pàápàá.

Ọmọ rẹ̀ yìí wá bá mi lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún tó kọjá. Lẹ́ẹ̀kíní, mo ní ọwọ́ mi dí. Lẹ́ẹ̀kejì, mo bi í pé ọmọ ta ni, ó ní ọmọ Pásítọ̀ Adérógbà, mo ní kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan nídìí tábìlì yìí. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ra búrẹ́dì wá. Mo yí àga mi padà, mo kọjú sí ògiri títí ó fi lọ.

Mo pa ọjà mi mọ́ lọ́sàn-án gangan, mo gba Jallah Town lọ. Ìyá Kamorat jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n baba mi ni. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n kò sí òkúta tó lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú ẹ̀wà.

"Ìyá, ta ló wá bi yín ní orúkọ baba mi?"

"Ọmọbìnrin kan tó mọ̀wé. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó sàn ju ẹni tó já wọlé tí kò kí èèyàn."

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ilé, mà."

"Adégòkè, ò ń mí bí ajá tó sá eré. Jókòó."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Ó ní ta ló gbẹ́ kànga tó wà ní Caldwell. Mo ní ọkọ mi ni. Ó ní kí lorúkọ ọkọ mi yìí. Mo ní Agùntáṣọọ́lò."

"Ṣé orúkọ rẹ̀ nìyẹn?"

"Orúkọ tí mo ń pè é nìyẹn. Ó sì máa ń jẹ́ mi. Ó ga, aṣọ sì yẹ ẹ́. Kí ni kí n pè é, kúkúrú?"

"Ìyá, Adébíyì lorúkọ rẹ̀."

Ó pòṣé, ó da ẹ̀wà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú àwo. "Ìwọ pè é. Ìwọ ọmọ rẹ̀ ló lè pè é. Èmi bá a nílé ọkọ ni. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta rèé tí mo ti wọ ilé yín, orúkọ yẹn kò tíì jáde lẹ́nu mi. Ṣé nítorí rẹ́kọ́dà ni n ó wá pè é?"

"Ẹ bá ní kó wá bi mí."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti wá lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní o kẹ́yìn sí òun. Ṣé irọ́ ló pa?"

Kamorat ń rẹ́rìn-ín nínú ilé, mo gbọ́.

"Ìwọ tí o lè pe orúkọ, o panu dé," Ìyá wí. "Èmi tí mi ò gbọ́dọ̀ pè é, èmi ni wọ́n wá bá. Wá sọ fún mi, ta ló jẹ̀bi nínú wa?"

A kì í bá ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún jiyàn. Mo dìde, mo ní ó dàbọ̀.

Ọ́fíìsì Beatrice, ti ìgbìmọ̀ tó ń ṣe àwọn ìwé ìtàn náà, wà lókè ilé kan ní Broad Street kan náà. Láti ìdí tábìlì mi, mo máa ń rí i tó ń gòkè tó ń sọ̀. Nígbà tó rí mi lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀. Yorùbá rẹ̀ ní ohùn Làìbéríà nínú, nítorí ọmọ ẹ̀yà Bassa ni ìyá rẹ̀, ìlú yìí ni wọ́n sì bí i sí.

"Ẹ káàbọ̀, Dádì. Ẹ jókòó, sà."

"Mi ò jókòó. Agun Tasolo kọ́ ni baba mi." Mo fi ìwé náà sí iwájú rẹ̀.

"Bí Màmá ṣe pè é ni mo ṣe kọ ọ́, sà. Mo gbà á sílẹ̀." Ó wá ohùn náà jáde, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn Ìyá Kamorat jáde ketekete: Agùntáṣọọ́lò. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀, bí ọmọge.

Mo ṣàlàyé fún un bí ìyàwó ilé ṣe máa ń sọ àwọn tó bá nílé ọkọ lórúkọ tirẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé orí.

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi rí, Dádì. Mọ́mì mi máa ń pe gbogbo ará ilé bàbá mi lórúkọ."

"Baba ẹ ńkọ́? O ò fi hàn án kí o tó tẹ̀ ẹ́?"

"Ìgbà yẹn ni wọ́n lọ tọ́jú ẹsẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọn ò sì lè mọ̀ nípa kànga."

Ẹ̀rín pa mí, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Adérógbà tó ń wọ kóòtù lórí àga ìwàásù, ọmọṣẹ́ baba mi ni. Baba mi á wà nísàlẹ̀, yóò máa kó amọ̀ sínú korobá, Adérógbà á wà lókè, yóò máa fa okùn. Ọdún mẹ́rin ló fi fà á. Mi ò mọ̀ pé kò sọ fún ọmọ tó bí. Mo sọ fún un.

Ó ní, "A lè tẹ orúkọ tó tọ́ sórí bébà kékeré, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú gbogbo ìwé náà kí Sátidé tó dé. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ wa ní òfin. Lẹ́yìn ogun, oríṣiríṣi èèyàn ló wá sọ pé ilé onílé ni tàwọn. Nítorí náà, a kì í yí orúkọ padà lórí ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Ìwé ẹ̀rí ni, tàbí ẹlẹ́rìí méjì. Ṣé ẹ ní ìwé kankan, sà?"

"Àwọn ìwé mi wà ní èbúté. Bi baba ẹ."

"Káàdì ìdìbò yín ńkọ́?"

Mo yọ ọ́ fún un. Àkókò tí mo fẹ́ gbà á, ìwé iléèwé àtijọ́ nìkan ni mo ní láti fi hàn wọ́n, ohun tó sì wà níbẹ̀ ni wọ́n kọ. Beatrice kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Amos Wells," ó wí.

"Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀."

"Dádì, ẹ má bínú o. Gẹ́gẹ́ bí ìwé mi, Tasolo ló gbẹ́ kànga. Gẹ́gẹ́ bí káàdì yín, ọmọ Wells lẹ jẹ́. Gẹ́gẹ́ bí ẹnu yín, Adébíyì ni. Kànga kan, baba mẹ́ta."

Bí kì í bá ṣe pé inú ń bí mi, ǹ bá ti rẹ́rìn-ín. Ó ní Tọ́sìdé ni òun gbọ́dọ̀ fi bébà náà lé àwọn atẹ̀wé lọ́wọ́. Mọ́ńdè nìyẹn. Bí mi ò bá rí ẹlẹ́rìí, Agun Tasolo yóò wọ iléèwé ní ọ̀ọ́dúnrún ọ̀nà, àwọn ọmọ yóò há a sórí, yóò sì parí. Wọ́n ti gba orúkọ mi lọ́wọ́ mi ní iléèwé lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní jẹ́ kí iléèwé tún gba ti baba mi.

Gbogbo ọjọ́ Túsìdé ni mo fi rìn ní Caldwell, láti etí odò Saint Paul títí dé ojú ọ̀nà ńlá. Àwọn tó mọ baba mi ti kú, tàbí wọ́n wà ní Gánà, tàbí wọ́n wà ní Amẹ́ríkà tí wọn kò padà mọ́. Àwọn àgbà méjì tó kù rántí rẹ̀ dáadáa. Wọ́n rántí bó ṣe ga, wọ́n rántí fìlà rẹ̀. Mo ní, orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní Papa Well. Mo ní, yàtọ̀ sí ìyẹn? Wọ́n ní kí ló tún kù.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù, mo sì ti mọ̀ láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Mo kàn fẹ́ rí i bóyá Ọlọ́run yóò fún mi ní ẹlòmíràn ni.

Ní Wẹ́sìdé, mo lọ sí ilé Adérógbà. Kò jìnnà sí kànga náà. Ó jókòó ní fàráńdà, ó gbé ẹsẹ̀ kan tí wọ́n fi báńdéèjì wé lé orí àpótí ìjókòó. Ó ti rù. Beatrice jáde nígbà tó gbọ́ ohùn mi, ó dúró sẹ́yìn àga rẹ̀.

"Adégòkè," Adérógbà wí. "Ọdún kọkàndínlógún rèé."

"Mi ò wá kí yín."

"Mo rí i. O ò sì tíì kí mi. Beatrice, fún wọn lómi."

"Mi ò mu."

"Kànga bàbá ẹ la ti fà á."

"Mi ò mu omi ilé yìí."

Ó mi orí, ó gba ife náà, ó mu ún fúnra rẹ̀. Mo ní, "Pásítọ̀, ìbéèrè kan ni mo bá wá. Kí lorúkọ baba mi?"

"Ọ̀gá."

"Orúkọ ni mo bi yín."

"Ọ̀gá ni mo ń pè wọ́n. Ta ni mo jẹ́ tí n ó pe ọ̀gá mi lórúkọ?"

Ọ̀rọ̀ náà sú mi débi pé mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ láìmọ̀. Obìnrin kò lè pè é, nítorí ó bá a nílé. Ọmọṣẹ́ kò lè pè é, nítorí ọ̀gá ni. Àwọn ará ìlú ń fi iṣẹ́ rẹ̀ pè é. Ọ̀wọ̀ tí gbogbo wọn ń bù fún un ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ orúkọ rẹ̀. Ká ní olè ni baba mi, orúkọ rẹ̀ ì bá wà ní ìwé àwọn ọlọ́pàá.

"Mi ò ní mi ò mọ̀ ọ́n," Adérógbà wí. "Mo ní mi ò pè é. Mo kọ ọ́ rí."

"Níbo?"

"Nínú kànga. Ọ̀gá kò mọ̀wé, o mọ̀. Ọjọ́ tí a da sìmẹ́ǹtì òrùka kẹta láti òkè, irú èyí tó ń mú ògiri kànga dúró, kó tó gbẹ, wọ́n fún mi ní ìṣó. Wọ́n ní, 'Ìwọ tó ka ìwé díẹ̀, kọ orúkọ mi síbẹ̀, kí omi máa rí i.' Apá ibi tí oòrùn ti ń wọ̀ ni. Bí ewéko inú kànga kò bá jẹ ẹ́ tán, ó wà níbẹ̀."

Beatrice rọra bọ́ síwájú rẹ̀. "Dádì, òótọ́ ni pé ẹ̀yin náà gbẹ́ ẹ?"

"Mo fa okùn." Kò wo ojú ọmọ náà. "Mo sọ fún ìyá ẹ àti gbogbo ìjọ pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló gbé mi wá sí Làìbéríà. Ebi ló gbé mi wá. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bá mi níbí ni."

Mi ò ní ká má sòótọ́: kò rọrùn fún un láti sọ. Ṣùgbọ́n àpótí mi kò rọrùn fún mi láti fi sílẹ̀ náà.

Mo ní kí Beatrice bá mi wá dígí. Baba mi kì í wo inú kànga láìsí dígí. Bí oòrùn bá wà lókè orí, wàá gbé dígí sí etí kànga, wàá fi mú oòrùn, wàá jù ú sísàlẹ̀, gbogbo inú kànga yóò sì mọ́lẹ̀ bí yàrá. Ó yọ dígí ńlá tí ìyá rẹ̀ máa ń wò, ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Adérógbà fi ọ̀pá tẹ̀lé wa, ẹsẹ̀ kan níwájú, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn. Mi ò dúró dè é, ṣùgbọ́n mi ò yára náà.

Àwọn obìnrin mẹ́rin ló ń dúró láti fa omi. Mo dùbúlẹ̀ ní etí kànga, mo so búrọ́ọ̀ṣì mọ́ orí igi gígùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha ewéko kúrò lára òrùka kẹta. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní mo ń ba omi àwọn jẹ́.

"Kí lẹ ń wá níbẹ̀, Ol' man?"

"Orúkọ baba mi."

"Ṣé ó já bọ́ sínú rẹ̀ ni?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Mo ń ha á lọ. Ọwọ́ ro mí, ẹ̀yìn ro mí. Mo ní kí Beatrice gbé dígí sọ́tùn-ún, kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, kó tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà rìn lára ògiri kànga, ó kọjá, ó padà, ó dúró. Lẹ́tà ńlá tó wọ́, bí ọmọ iléèwé ṣe ń kọ ọ́. ADEBIYI. EJIGBO. 1961.

Mo kà á láìgbé ìka lé e.

Nígbà tí mo fẹ́ dìde, mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan tún wà nísàlẹ̀. Mo ha ewéko ibẹ̀ náà. ADEROGBA. Ó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì orúkọ baba mi.

Mo yíjú sí i. "Ta ló ní kí ẹ kọ tiyín?"

Ó fara ti ọ̀pá rẹ̀. "Ìṣó ṣì wà lọ́wọ́ mi."

"Ó tóbi ju ti baba mi lọ."

"Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, Adégòkè. Ọ̀gá rí i, wọ́n bú mi, àmọ́ sìmẹ́ǹtì ti gbẹ."

Beatrice ya fọ́tò orúkọ méjèèjì, ó ní ìwé ẹ̀rí tí ìgbìmọ̀ ń fẹ́ nìyẹn. Mo sọ fún un pé kó gé e láti ìsàlẹ̀, kó jẹ́ ti baba mi nìkan ni yóò hàn. Ó sọ kámẹ́rà kalẹ̀ láti ojú rẹ̀.

"Dádì, láti Mọ́ńdè lẹ ti ń bá mi jà pé mo yọ orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ kúrò. Ẹ wá fẹ́ kí n yọ òmíràn?"

Baba rẹ̀ kò sọ ohunkóhun. Ká ní ó sọ̀rọ̀ ni, ǹ bá rí ohun sọ. Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe wà, ṣùgbọ́n kó fi ti baba mi ṣáájú, kó sì kọ ọ́ pé okùn ni ẹnì kejì fà. Adérógbà ní bẹ́ẹ̀ ni, okùn ni.

Mo gbọn iyanrìn kúrò láṣọ mi. Mo sọ fún un pé, "Ọ̀rọ̀ àpótí yẹn kò tíì tán."

"Mo mọ̀," ó wí. "Ẹsẹ̀ mi kò lè sá mọ́. Ìgbà yòówù tí o bá wá, ká máa bá a lọ."

Òùngbẹ ń gbẹ mí. Obìnrin tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ti fa omi tirẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bu nínú péèlì rẹ̀, mo mu ún. Ife Adérógbà kọ́ ni mo fi mu ún.

Àárọ̀ Fúráìdé ni bébà náà dé. Wọ́n kó ọ̀ọ́dúnrún ìwé wá sí ìdí tábìlì mi, nítorí mo ní ẹlòmíràn kò ní fọwọ́ kàn án. Mo fi ìyẹ̀fun gbágùúdá ro gọ́ọ̀mù tó ki. Beatrice ní òun fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Ó lẹ mẹ́fà, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọ́, mo ní kó lọ jókòó. Prince kọjá, ó ka ohun tó wà lórí bébà náà sókè: Adébíyì, ará Èjìgbò, ló gbẹ́ kànga yìí, Adérógbà sì fa okùn. Ó ní, "Ol' man, ará Ítálì yín ti kú nìyẹn." Mo ní kó máa lọ.

Ní Sátidé, wọ́n kó ìwé jáde. Mi ò lọ, nítorí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì Adérógbà ni, sípíkà yẹn ni wọn yóò sì lò. Mo gbọ́ ọ láti ìdí tábìlì mi bó ṣe ń pariwo.

Ní Sọ́ńdè, mo mú ẹ̀dà kan lọ fún Ìyá Kamorat ní Jallah Town. Inú mi dùn díẹ̀, mi ò ní purọ́. Kamorat jókòó tì í, ó ṣí ojú ìwé náà, ó fẹ́ kà á. Ìyá na ọwọ́ sókè.

"Má pè é níwájú mi. Sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi."

"Wọ́n ti lẹ bébà lé orúkọ tẹ́ ẹ sọ, Màmá. Orúkọ àbísọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí," Kamorat wí.

"Ẹ wá ṣí bébà náà kúrò."

"Kò ṣeé ṣí," mo wí. "Gọ́ọ̀mù tí mo fúnra mi rò ni."

"Mú òmíràn wá nígbà náà, èyí tí wọn kò lẹ nǹkan kan mọ́. Mo fún ọkọ mi lórúkọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, ìwọ wá lọ fi gọ́ọ̀mù bò ó mọ́lẹ̀. Kí ni mo ṣe fún ọ?"

Mo sọ fún un pé ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n, èmi ni mo sì lẹ gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọ ohun tí ojú mi rí láti Mọ́ńdè títí dé Fúráìdé, mo sọ ilé ẹni tí mo wọ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun ṣì ń retí ìwé òun.

Ẹ̀dà kan wà tí mi ò lẹ nǹkan mọ́, èyí tí Prince kọ́kọ́ gbé wá, tí ìdọ̀tí ìka mi wà lábẹ́ orúkọ náà. Tèmi ni. Mo wọ takisí padà sí Broad Street, mo ṣí àpótí ìwé mi, mo mú un, mo tún wọ takisí padà, mò ń pòṣé lọ, mò ń pòṣé bọ̀.

Ìyá gbà á. Ó ní kí n fi ibi tó wà han òun. Mo mú ìka rẹ̀, mo gbé e lé orí Agun Tasolo. Ó fi ìka náà rìn lórí rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ó ti rẹ́rìn-ín nínú rẹ́kọ́dà.

"Adégòkè," ó wí, "bí o bá rí ọmọbìnrin yẹn, bá mi kí i dáadáa. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn."